Ebi pọtáṣíọ̀mù ló ń pa ẹ̀gẹ́ Ẹ̀pẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí ojú ewé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwa àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá lọ́kàn tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé jáde kí àkókò ìgbìn ẹ̀gẹ́ tó tún wọlé dé. Láti Odòragúnṣìn títí dé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, bí ènìyàn bá bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ pé kí ló ń fi sídìí ẹ̀gẹ́, yúríà tàbí fatiláísà alápòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní NPK ni yóò gbọ́. Bí ó bá tún bèèrè pé NPK wo, ọ̀pọ̀ ò lè sọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá lọ́jà ni wọ́n rà. Ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti ń wọlé, nítorí nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lára àpò fatiláísà ló ń sọ bóyá ewé ni a fẹ́ bọ́ tàbí iṣu.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni nàìtírójìn tó ń mú ewé dúdú. Ìkejì ni fọsífọ́rọ́sì tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́. Ìkẹta ni pọtáṣíọ̀mù tó ń bọ́ iṣu. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ. Àpò 20-10-10 tó kún ọjà, pẹ̀lú bó ṣe wọn 50 kílò yẹn, kílò 5 péré ni pọtáṣíọ̀mù inú rẹ̀. Ti 15-15-15 jẹ́ kílò 7.5, ti 12-12-17 jẹ́ kílò 8.5. Yúríà ò ní ẹyọ kan. Nàìtírójìn nìkan ló gbé dání. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gẹ́ ń kó lọ. Tọ́ọ̀nù kan iṣu ẹ̀gẹ́ tútù tó kúrò lóko ń gbé tó kílò 3 pọtáṣíọ̀mù dání. Àwọn tó ń ṣe fatiláísà máa ń ka pọtáṣíọ̀mù pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, nítorí náà kílò 3 yẹn di nǹkan bíi 3.6 ní ìṣirò ojú àpò. Éékà tó bá mú tọ́ọ̀nù 10 jáde ti gbé kílò 36 lọ. Àgbẹ̀ tó fi àpò 20-10-10 méjì sí éékà náà dá kílò 10 padà. Kílò 26 tó kù, lára ilẹ̀ ni a ti yá a, a ò sì san án. Bí wọ́n bá tún kó igi àti ewé kúrò lóko, tàbí tí wọ́n wọ́ ọ jọ síbi kan tí wọ́n dáná sun ún, gbèsè náà lé sí i.

Ilẹ̀ tiwa kò lágbára irú gbèsè yìí. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ló pọ̀ jù ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ti Àgbádárìgì lẹ́bàá òkun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yanrìn lásán. Amọ̀ ló ń di pọtáṣíọ̀mù mú nínú ilẹ̀. Níbi tí amọ̀ bá ti kéré, òjò oṣù kẹfà á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ jìnnà ju ibi tí gbòǹgbò lè nà dé. Ọdún kìn-ín-ní tí a bá ṣán igbó, eérú igbó tí a sun ló ń bọ́ ẹ̀gẹ́, á ta, inú olóko á dùn. Ọdún kejì kò burú. Tó bá fi di ọdún kẹta, ìkẹrin, lórí ilẹ̀ kan náà, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣá. Ní Thailand àti ní Colombia, níbi tí àwọn onímọ̀ ti gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti wò ó, pọtáṣíọ̀mù ni wọ́n rí i pé àìsí rẹ̀ ń bu ìkórè kù jù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Láyé àtijọ́, a máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, kí gbòǹgbò igi igbó fa ohun tó ti rì sísàlẹ̀ padà wá sókè. Lónìí tí wọ́n ń gé ilẹ̀ ní puloọ̀tì puloọ̀tì tà, ta ló rí ilẹ̀ tí yóò fi sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún?

Iṣẹ́ tí pọtáṣíọ̀mù ń ṣe lára ẹ̀gẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Oòrùn ni ewé fi ń se ṣúgà. Ṣúgà yẹn gbọ́dọ̀ gba inú igi sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí, kó di sítáàṣì níbẹ̀. Pọtáṣíọ̀mù ló ń tì í sọ̀ kalẹ̀, òun náà ló ń mú ohun tó ń sọ ṣúgà di sítáàṣì ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó, ewé á máa se oúnjẹ tí kò délé. Òun náà ló ń ṣí ihò kéékèèké ara ewé, tó sì ń pa á dé nígbà ọ̀dá, kí igi má baà gbẹ. Ìdí nìyí tí oko tó ti gba pọtáṣíọ̀mù tó tó kì í tètè jáwé sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bíi ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó ń da yúríà nìkan yóò rí oko tó dúdú minimini, tí igi rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, àwọn tó ń kọjá lójú títì á máa kí i kú oríire. Ọjọ́ tó bá fà á tu ni yóò rí iṣu tínínrín bí ọwọ́ ọkọ́.

Ẹ̀gẹ́ máa ń fi ebi yìí pamọ́ ju àgbàdo lọ. Dípò kó fi àmì hàn, á kàn kúrú, igi rẹ̀ á tín-ín-rín, oríkèé rẹ̀ á sún mọ́ra, àgbẹ̀ á sì rò pé bí irú igi yẹn ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ebi náà bá le gan-an ni àmì á yọ, ara ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣónṣó ewé àti etí rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá gbẹ di búráùn bí ẹni pé iná rà á, àárín ewé á ṣì tutù. Ẹ má ṣe pè é ní àrùn. Àrùn mòsáíkì, ewé tuntun lókè ni í ti í bẹ̀rẹ̀, ewé náà á lọ́, á sì ní àmì tó-tò-tó. Bí ó bá jẹ́ nàìtírójìn ni kò tó, gbogbo ewé ìsàlẹ̀ ni yóò pọ́n láìyọ etí sílẹ̀, láìyọ àárín. Tí àárín iṣan kan sí èkejì bá pọ́n ṣùgbọ́n tí iṣan ewé fúnra rẹ̀ dúró ní tútù, magnẹ́síọ̀mù, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, ni kò tó, ọ̀rọ̀ yẹn a óò tún padà bá a. Ẹni tó bá ń fún oògùn apakòkòrò sára ewé tí ebi ń pa ń da owó sómi.

Ó wá kan iye tí a óò lò. Éékà kan tí a gbin ẹ̀gẹ́ sí ní mítà kan sí mítà kan, ìdí 4,000 ni yóò gbà. Fún irú ilẹ̀ yìí, ohun tí a rí pé ó bọ́ sí i ni àpò 15-15-15 méjì, àpò pọtáṣíọ̀mù kílóráìdì kan tí wọ́n ń pè ní MOP lọ́jà, àti ìdajì àpò yúríà. MOP yẹn, kílò 30 nínú 50 rẹ̀ ni pọtáṣíọ̀mù ní ìṣirò ojú àpò. Àròpọ̀ rẹ̀ mọ́ 15 ti NPK jẹ́ 45, ó bo 36 tí ìkórè tọ́ọ̀nù 10 ń gbé lọ, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún èyí tí òjò yóò fọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 20-10-10 ni ẹ rí rà, àpò méjì rẹ̀ àti MOP kan ti tó, ẹ fi yúríà sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká gbogbo rẹ̀, NPK ni kó dín kù sí àpò kan. Kó má ṣe yọ MOP, pàápàá lórí ilẹ̀ tó ti gbé ẹ̀gẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ìdí kọ̀ọ̀kan á gba gíráàmù 25 NPK, MOP gíráàmù 12 tàbí 13 lápapọ̀, àti yúríà gíráàmù 6. Ta ló fẹ́ gbé òṣùwọ̀n lọ sínú poro? Ìdérí ìgò mínírà, ti onírin yẹn, ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá bù ú kún tí ẹ fi ìka nù ún dọ́gba, ó máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù 5 sí 6. Ṣùgbọ́n hóró fatiláísà kan ju òmíràn lọ, nítorí náà ẹ dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ bu ìdérí 100 sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lé síkéèlì àwọn tó ń ta ẹja. Bí ó bá wọn ìdajì kílò, gíráàmù 5 ni ìdérí kan. Nípa báyìí, ìdérí mẹ́rin sí márùn-ún NPK ni fún ìdí kan, MOP jẹ́ ìdérí kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìkúnwọ́ tí ọ̀pọ̀ ń bù kì í dọ́gba. Ọwọ́ alágbàṣe tó ní agbára láàárọ̀ kò jọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, ìlà àkọ́kọ́ á jẹ àjẹyó, èyí tó gbẹ̀yìn á gbààwẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ fi í, ẹ má ṣe dà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ro oko, nítorí koríko ló máa kọ́kọ́ jẹ ohun tí ẹ bá dà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn ìgbìn, gbogbo NPK àti ìdajì MOP. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí ìkejìlá, ìdajì MOP tó kù pẹ̀lú yúríà. Oṣù kejì sí ìkẹta ni gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ ń pinnu èyí tí yóò sanra di iṣu nínú wọn, ìgbà yẹn ni ó ń wá pọtáṣíọ̀mù jù. Ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ní oṣù kẹrin, ìfisí kejì rẹ̀ máa ń bọ́ sí òpin oṣù kẹfà tàbí oṣù keje. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́sàn-án lóru, ẹ dúró kó dá. Bí ìdádúró òjò oṣù kẹjọ bá sì ti wọlé tí ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ dúró de òjò oṣù kẹsàn-án, torí fatiláísà tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò wúlò fún gbòǹgbò. Yúríà àti MOP ṣeé pò pọ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá pò ó ni kí ẹ lò ó tán. Bí ó bá sùn mọ́jú, á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á rin, á lẹ̀ pọ̀ bí iyọ̀ inú òjò.

Ẹ fi ọkọ́ fa ìlà roboto bí ìdajì òṣùpá, ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ara igi, kó jìn tó oríkèé ìka méjì. Ẹ bu fatiláísà sínú rẹ̀ kí ó tàn ká, kí ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Lórí ilẹ̀ tó dà, apá òkè ni kí ẹ fi sí, kí omi gbé e wá sídìí igi dípò kó gbé e lọ. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù ni pé àwọn kan ń da MOP mọ́ igi ẹ̀gẹ́ nínú ihò ní ọjọ́ ìgbìn. Iyọ̀ ni MOP. Ó máa ń fa omi jáde lára igi tó fẹ́ hù, ojú rẹ̀ á dúdú, á rà. Bí ó bá bọ́ sára ewé tó tutù náà, á jó o. Àwọn mìíràn ń wọ́n ọn sórí ebè láì bò ó, òjò kan ṣoṣo á sì gbé e sínú poro.

Àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé pọtáṣíọ̀mù dára tó wá lọ da àpò MOP mẹ́ta sí éékà, magnẹ́síọ̀mù ni yóò lé kúrò lẹ́nu gbòǹgbò, ewé ìsàlẹ̀ á wá pọ́n láàárín iṣan bí a ti sọ lókè. Kílóráìdì inú rẹ̀ tún lè bu sítáàṣì kù. Níbi tí àmì yẹn bá ti yọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ẹ lo 12-12-17 tó ní magnẹ́síọ̀mù nínú, ìyẹn máa ń wà lára àpò rẹ̀, tàbí kí ẹ da ẹfun dólómáìtì, tí òun náà ní magnẹ́síọ̀mù, sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ebè. Pọtáṣíọ̀mù tó jẹ́ ti sọ́fétì kò ní kílóráìdì, ó dára, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti MOP lọ; a ò rò pé àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ nílò rẹ̀ bí ó bá fi MOP sí níwọ̀n.

Láti òkè òkun ni MOP ti ń wọlé, owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là rìn. Nítorí náà, a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín rántí ohun tó wà nílé. Eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, pọtáṣíọ̀mù ló kún inú rẹ̀. Ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀, tó wà ní òkìtì òkìtì lẹ́yìn ebu epo, bí a bá sun ún di eérú, nǹkan bí ìdá mẹ́ta eérú náà ni pọtáṣíọ̀mù ní ìṣirò ojú àpò. Nǹkan bíi kílò 90 rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ àpò MOP kan. Eérú igi ìdáná lásán kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpò rẹ̀ ni a óò kó kí ó tó dọ́gba. Èèpo kòkó tí a sun náà lágbára. Eérú tún ń bu ìkan ilẹ̀ kù, èyí tó dára fún ilẹ̀ wa. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Eérú tí òjò ti pa ti pàdánù ọ̀pọ̀ pọtáṣíọ̀mù rẹ̀: ẹni tó ti rọ omi eérú ọṣẹ rí mọ̀ pé inú omi ni agbára rẹ̀ ń bá lọ. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ kó o sí láti ọjọ́ tí ẹ ti sun ún. Ìkejì, ẹ má ṣe pò ó mọ́ yúríà tàbí NPK. Òórùn tó máa ń ta sí imú nígbà tí wọ́n bá pàdé, nàìtírójìn tí ẹ fi owó rà ló ń fò lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín wọn.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kánún. Nítorí pé wọ́n ń pe kánún ní “pọ́táàṣì” ní ọjà, àwọn kan rò pé òun ni pọtáṣíọ̀mù, wọ́n ń pò ó sómi dà sídìí ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe òun. Sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú kánún ìdáná wa. Kò bọ́ ẹ̀gẹ́, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ gbólóhùn yìí kó hàn gbangba.

Èèpo ẹ̀gẹ́ náà ń dùn wá. Òkìtì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ gàrí, ó ń rà, ó ń rùn, pọtáṣíọ̀mù oko wa ló sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá kó o jọ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ, tí a ń yí i padà lọ́sẹ̀ méjì méjì títí tí yóò fi dúdú tí kò sì gbóná mọ́, ó yẹ kó padà sóko tó ti wá. Omi tí wọ́n fún jáde lábẹ́ jáàkì, ẹ má ṣe dà á ní tútù sídìí ohun ọ̀gbìn. Ó kan, májèlé ẹ̀gẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Èrè rẹ̀ kò mọ sí iye iṣu nìkan. Ẹ̀gẹ́ tó rí pọtáṣíọ̀mù tó máa ń wúwo nínú, omi rẹ̀ kì í pọ̀, gàrí rẹ̀ á wú, láfún rẹ̀ á funfun. Sáyánáìdì, ìyẹn májèlé tó ń mú ẹ̀gẹ́ korò, máa ń dín kù nínú rẹ̀, nígbà tí nàìtírójìn nìkan máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i. Èyí kò ní kí a má ṣe rẹ ẹ́, kí a má sì jẹ́ kó kan fún iye ọjọ́ tó yẹ o. Igi tí a gé lára oko tó jẹun dáadáa máa ń hù lágbára lọ́dún tó ń bọ̀, igi oko tí ebi pa á máa ṣe ṣégeṣège.

Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ nínú oko láìfi MOP sí i, kí gbogbo ohun mìíràn dọ́gba. Ní ọjọ́ ìkórè, ẹ mú kílò 3 iṣu tí ẹ ti fọ, tí ẹ ti gé ìdí igi kúrò lára rẹ̀, láti apá méjèèjì. Ẹ kó o sínú àpò àwọ̀n, ẹ fi kọ́ síkéèlì oníkọ́, kí ẹ ri àpò náà sínú dúrọ́ọ̀mù omi kí omi bò ó láìkan ìsàlẹ̀, kí ẹ ka iye tó wọ̀n nínú omi. Ẹ yọ ìwọ̀n inú omi kúrò nínú kílò 3. Ẹ fi èyí tó kù pín 3. Ẹ fi èsì náà lọ́po 158.3; kí ẹ wá yọ 142 kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kì í ṣe omi nínú ẹ̀gẹ́ yín. Bí ó bá wọn gíráàmù 330, ìyẹn kílò 0.33, nínú omi, ó ń lọ sí 36. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 240, 30 ni. Tọ́ọ̀nù kan ti àkọ́kọ́ fi kílò 60 ohun tí kì í ṣe omi ju ti èkejì lọ, kí a tó rí ìyàtọ̀ iye iṣu rárá. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ wọn méjèèjì, irú igi kan náà, nítorí òjò àkọ́rọ̀ máa ń mú kí ẹ̀gẹ́ kó sítáàṣì padà sókè láti fi yọ ewé tuntun, á sì dàbí ẹni pé fatiláísà kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń ta ohun èlò oko ni pé kí wọ́n máa gbé MOP wọ Ẹ̀pẹ́ kí oṣù kẹrin tó pé, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n tà ní kílò 10 fún ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lára ọ̀rá. Ẹni tó ń rà á ní ọ̀rá, kó bu ṣíbí kan sínú ife omi. MOP gidi á yòrò, omi náà á tutù lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, ìdọ̀tí pupa díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù. Bí yanrìn bá jókòó sísàlẹ̀ ife, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Olóòtú, bí ẹ bá lè fún wa láàyè lẹ́yìn ìkórè, ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé tó bá fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ kọ ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ sí yín: ìwọ̀n òkè, ìwọ̀n inú omi, irú igi, oṣù ìgbìn àti iye ọdún tí ilẹ̀ náà ti ń gbé ẹ̀gẹ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ agbègbè Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.